CPR ní Àbẹ́òkúta: kíláàsì wo ló bá yín mu, káàdì wo ló sì tó nǹkan?

Bí ẹ bá sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ fẹ́ ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ CPR, ìyẹn títẹ àyà àti fífún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró ní èémí, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa bi yín ni pé, "Ṣé wọ́n á fún wa ní sáàtífíkéètì?" Ìbéèrè gidi ni, torí ibi iṣẹ́ máa ń béèrè ìwé. Àmọ́ ìbéèrè yìí kan náà ló máa ń mú kí èèyàn náwó síbi tí kò yẹ. Nọ́ọ̀sì á gba ìwé-ẹ̀rí lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ á ní àwọn ò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní Òkè-Ìléwó á sanwó kíláàsì àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, á wá lo ìdajì ọjọ́ lórí ohun èlò tí kò ní fọwọ́ kàn mọ́ láyé rẹ̀. Ẹlòmíì á wo fídíò lórí fóònù, á dáhùn ìbéèrè díẹ̀, á tẹ ìwé-ẹ̀rí aláwọ̀ wúrà jáde, bẹ́ẹ̀ kò tíì tẹ àyà kankan, ìbáà tiẹ̀ ṣe ti ọmọlangidi tí wọ́n fi ń dánra wò.

Kí n tó máa fi wọ́n wéra, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní nǹkan méjì. Ta ló ṣeé ṣe kó ṣubú lulẹ̀ lójú yín: ọmọ ọdún méjì, bàbá àádọ́rin ọdún, òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kan wáyà, àbí aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì? Ta ló sì máa yẹ ìwé yín wò lẹ́yìn náà? Bí kò bá sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé darí yín rárá. Ibi tí wọ́n ti máa jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣiṣẹ́ pẹ́ jù lọ ni kí ẹ gbà lọ.

Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé

Red Cross ni o, American Heart Association tí gbogbo èèyàn ń pè ní AHA ni o, ohun tí wọ́n ń kọ́ni nípa títẹ àyà kò jìnnà síra. Ìdí ni pé ibì kan náà ni ìmọ̀ náà ti ń ṣàn wá: àjọ kan wà tó ń jẹ́ ILCOR, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1992, òun ló ń yẹ ìwádìí káàkiri ayé wò, tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá sì ń gbé ìlànà wọn kalẹ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé CPR tòun "lágbára" ju ti ẹlòmíì lọ, ọjà ló ń tà.

Kókó rẹ̀ nìyí. Ẹni tó ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí bó ṣe yẹ, ẹ ké sí àwọn tó wà nítòsí, kí ẹnì kan pe 112, kí ẹlòmíì wá ọkọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó le. Ẹ gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kí apá yín nà tán, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 bó bá jẹ́ àgbàlagbà. Ìgbà 100 sí 120 ni láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí àyà náà gbéra sókè tán kẹ́ ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn 30, ẹni tó bá kọ́ ọ á fún un ní èémí 2, á sì padà sídìí títẹ̀.

Tí ẹ bá ń kà á sókè lédè Yorùbá, ẹ má ka 30 tààrà. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin títí dé ẹ̀wá, gbogbo wọn ló kúrú, ọwọ́ á máa bá ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti dé àrùndínlógún, ẹnu á falẹ̀, ọwọ́ náà á sì bá a falẹ̀. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà bá gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 18, eré yín dáa. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú aago fóònù yín nísinsìnyí, ẹ máa rí i pé ó yá ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ohun kan tún wà tí kíláàsì tó dáa kì í fò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró ṣì lè máa fa èémí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń hanrun. Àwọn tó yí i ká á ní, "Ó ń mí, ó ń mí, ẹ fún un láfẹ́fẹ́!" Wọn á máa fi aṣọ fẹ́ ẹ, wọn á bu omi sí i lójú, ẹnì kan á máa wá ṣíbí tí yóò kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹnì kan á ti sáré lọ gé àlùbọ́sà. Èémí yẹn kì í ṣe mímí. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kì í sì í tètè dé sí àdúgbò wa tó bẹ́ẹ̀. Láti Ọbáńtokò dé FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, kò jìnnà lójú máàpù, ṣùgbọ́n ẹ fi aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣubú ló máa ṣe é.

Red Cross àbí AHA?

Òfin ọdún 1960 ló gbé Nigerian Red Cross Society kalẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti Ògùn náà wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọn lẹ máa ń rí níbi ayẹyẹ ńlá, tí wọ́n wọ aṣọ alágbèélébùú pupa, tí wọ́n gbé àpótí oògùn dání. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ lápapọ̀ ni iṣẹ́ wọn: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, iná tó jó èèyàn, egungun tó kán, oúnjẹ tó há sí ọ̀fun, bí a ṣe ń yí ẹni tó dákú àmọ́ tó ń mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa gbé èébì mì. CPR jẹ́ apá kan nínú rẹ̀.

AHA ní tiẹ̀, orí ọkàn ló gbájú mọ́. Amẹ́ríkà ni olú ilé rẹ̀ wà, láti 1924 ló sì ti wà. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń wá kọ́ yín. Ó ń fún àwọn ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láṣẹ, àwọn ibùdó yẹn ló ń rán olùkọ́ jáde. Ohun tó mú kí ó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé káàdì rẹ̀ rọrùn láti yẹ̀ wò, ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì mọ̀ ọ́n.

Tí mo bá ní kí n yàn fún yín, mi ò ní fi ìgbajúmọ̀ yàn án. Ẹgbẹ́ awakọ̀ ní Lafẹ́nwá, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń to èrò ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí: Red Cross ni màá sọ. Ohun tí irú àwọn wọ̀nyí máa ń bá pàdé ju ọkàn tó dúró lọ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lẹ́bàá títì, ọmọ tó gbé ekuru mì tó há sí i lọ́fun, ẹni tí wárápá mú. Kí wọ́n kọ́ CPR nìkan kí wọ́n má mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dúró, ìdajì iṣẹ́ ni. Àǹfààní míì tún ni pé ó rọrùn láti rí ẹni tó máa fi Yorùbá kọ́ wọn yékéyéké. Ìdánwò AHA tẹ́ ẹ máa rí níbí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ìyá tó mọ ọ̀nà títẹ àyà tó sì lè má mọ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé á wá dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì, dókítà, òṣìṣẹ́ yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹni tó ń múra àtilọ sílẹ̀ òkèèrè fún iṣẹ́ ìlera, AHA ni kí ẹ máa lọ. Kì í ṣe torí pé títẹ àyà wọn yàtọ̀. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ló ti kọ orúkọ káàdì tó fẹ́ sílẹ̀, òun náà ló sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Heartsaver àbí BLS?

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ ká rọra yà á sọ́tọ̀.

Inú ilé AHA kan náà ni àwọn kíláàsì yìí wà, ẹni tí wọ́n ń kọ́ ló yàtọ̀. Heartsaver wà fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera ṣùgbọ́n tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè káàdì: ẹ̀ṣọ́, òṣìṣẹ́ ilé ìtura, olùkọ́ eré ìdárayá, ẹni tó ń tọ́jú ọmọdé. Wọ́n máa ń kọ́ wọn ní CPR, bí wọ́n ṣe ń lo AED, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná mú kí ọkàn padà máa lù bó ṣe yẹ, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí nǹkan bá há síni lọ́fun. Oríṣi kan wà tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, oríṣi kan sì wà tí kò sí, kẹ́ ẹ béèrè èwo ni wọ́n ń tà fún yín.

BLS (Basic Life Support) wà fún òṣìṣẹ́ ìlera. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ wá ìlù ọkàn ní ọrùn, bí èèyàn méjì ṣe ń pín iṣẹ́, bí a ṣe ń fi báàgì àti ìbòmú fún aláìsàn ní afẹ́fẹ́. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá wà nídìí ọmọdé, 15 títẹ̀ sí èémí 2 ni wọ́n ń ṣe dípò 30 sí 2. Ìdánwò ìbéèrè 25 ló wà níparí rẹ̀, ẹni tí kò bá gba ìpín 84 nínú ọgọ́rùn-ún kò tíì yege, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa wò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera kò nílò wíwá ìlù ọkàn rárá. Kódà wọn kì í kọ́ ọ nínú Heartsaver, torí àkókò ló ń fi ṣòfò, ó sì máa ń mú kí ẹlòmíì sọ pé "ọkàn rẹ̀ ń lù" nígbà tó jẹ́ ìka tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lù.

Ìyàwó ilé ní Àdàtán tó gba BLS kò ṣe àṣìṣe tó burú, ó kàn ra bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tó gba Heartsaver ló wà nínú ìṣòro, torí ilé ìwòsàn tó ní kó mú BLS wá kò ní gbà á.

Èyí tí wọn kì í sábà polówó ni Family & Friends CPR. AHA kan náà ló ṣe é, àmọ́ kò sí káàdì níparí rẹ̀, òun náà ni kò fi wu ẹni tó ń ta kíláàsì láti sọ. Fún ẹbí, fún àwọn ìyá àti ìyá àgbà inú ilé, fún ẹgbẹ́ àdúgbò, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú tiwọn. Ọmọlangidi wà níbẹ̀, títẹ̀ wà níbẹ̀, ti ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, kò sí ìdánwò tó máa dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sẹ́ni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ yín, kí lẹ fẹ́ fi káàdì ṣe?

Ní ti ACLS àti PALS, àwọn tó ń fi oògùn àti ẹ̀rọ tọ́jú ọkàn tó dúró ni wọ́n wà fún, ACLS fún àgbàlagbà, PALS fún ọmọdé. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tó sì fẹ́ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ lóṣù kan, kó rọra. BLS ni ìpìlẹ̀, kó kọ́kọ́ mú un dáadáa.

Orí fóònù àbí ojúkojú?

Ẹni tó wo fídíò bí wọ́n ṣe ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú kò tíì di aláró. Bẹ́ẹ̀ náà ni CPR. Agbára tó ń gba lọ́wọ́ èèyàn láti tẹ àyà àgbàlagbà wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kò sí fídíò tó lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Lórí ọmọlangidi tó dáa, ẹ máa gbọ́ "kọ́" bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó yẹ, tàbí kí iná kékeré tàn. Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, òógùn á ti bo iwájú orí, ejìká á ti máa sọ̀rọ̀, ẹ ó sì ti máa tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láìmọ̀. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ máa sọ pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, Mà! Ẹ ò tíì dé ibẹ̀!" Ọ̀rọ̀ yẹn lowó yín ń rà.

Ọmọlangidi náà ní ìtàn tiẹ̀. Asmund Laerdal, ará Norway tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ló ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ jáde ní 1960, ọdún kan náà tí àwọn dókítà ní Johns Hopkins gbé ìwádìí wọn lórí títẹ àyà láti ìta jáde. Onírọ́bà tó ń ṣe bèbí ló wá dẹni tó ń kọ́ ayé.

Irú mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé. Èyí tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀ dópin: ó dáa fún ìránnilétí, kò dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, AHA kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní káàdì BLS tàbí Heartsaver láìjẹ́ pé wọ́n ti wo ọwọ́ rẹ̀ ní ìṣe. Ẹni tó bá ní "BLS AHA, orí fóònù nìkan, káàdì lọ́jọ́ kan náà," ẹ sá fún un. Èkejì ni ojúkojú láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Ẹ̀kẹta ni àdàlù, tí AHA ń pè ní HeartCode: ẹ máa kà á, ẹ máa dáhùn ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà nílé, kẹ́ ẹ wá lọ fi ọwọ́ ṣe é lọ́dọ̀ olùkọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń yí iṣẹ́ òru padà, àdàlù lè bá a mu gan-an, bí dátà àti iná bá gbà fún un. Fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí, ojúkojú ni mo fara mọ́, torí ìbéèrè tó máa ń wúlò jù kì í sí nínú fídíò: "Tó bá jẹ́ orí mátíráàsì ló wà ńkọ́?" Ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Tó bá jẹ́ wáyà ló mú un?" Ẹ pa iná láti orí súìṣì tàbí ẹ pa jẹnẹrétọ̀ ná, kẹ́ ẹ má di ẹnì kejì tó ṣubú.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà. Láti 2008 ni AHA ti ń sọ fún àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ pé bí àgbàlagbà bá ṣubú lójijì, kí wọ́n kàn máa tẹ àyà, kí wọ́n gbàgbé èémí ẹnu. Ó dáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò fẹ́ gbé ẹnu lé ẹnu àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fà yọ nínú omi, àìrí afẹ́fẹ́ ló dá ọkàn rẹ̀ dúró, ti ọmọdé púpọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Èémí ṣe pàtàkì fún wọn. Ìlú tí odò Ògùn gba àárín rẹ̀ kọjá, tí kànga wà lẹ́yìnkùlé, tí ọmọ sì ń ṣeré nítòsí dọ́rọ́ọ̀mù omi, kíláàsì tó bá ní títẹ̀ nìkan ti tó kò tó fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ẹ̀bá odò tàbí tẹ́ ẹ ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nílé ìtura, ẹ rí i dájú pé èémí wà nínú ohun tí wọ́n máa kọ́ yín, kí wọ́n sì fi ìbòjú tí a fi ń fúnni lémìí hàn yín.

Kí ẹ lọ bá wọn, àbí kẹ́ ẹ pè wọ́n wá?

Èyí kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Bí ẹ bá pé mẹ́wàá sókè, ẹ pe olùkọ́ wá síbi iṣẹ́ yín. Owó orí kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wálẹ̀, wọ́n á sì lè wo ilé yín: ibo ni àpótí oògùn wà, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ géètì, ọkọ̀ wo ló máa gbé aláìsàn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ tẹnu mọ́ ọn. A kì í lè tẹ àyà dáadáa nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń sáré, nítorí náà ẹ ṣètò ẹni tó máa wá ọkọ̀ ńlá nígbà tí títẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀. Olùkọ́ tó mọ Àbẹ́òkúta á bá yín sọ èwo ló yá láti ọ̀dọ̀ yín nínú FMC Ìdí-Àbà, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè àti Sacred Heart ní Lántòrò. Tí wọ́n bá sì ní ẹ kọ́kọ́ lọ sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ rán wọn létí pé apá 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó dá lọ nìkan, ẹ béèrè bí èèyàn ṣe máa pọ̀ tó nínú kíláàsì. Gbọ̀ngàn tí ọgọ́rùn-ún èèyàn jókòó sí, tí ọmọlangidi kan ṣoṣo wà lórí pèpéle, àwòyanu ni, kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ìwé náà fúnra rẹ̀

Káàdì AHA kì í ṣe láísẹ́ńsì. Ohun tó ń sọ kò ju pé lọ́jọ́ báyìí, ẹni báyìí parí kíláàsì, ó sì ṣe é bó ṣe yẹ lójú olùkọ́. Kò sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì, kò fún un láṣẹ láti gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó máa béèrè káàdì lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́ lé àyà ẹni tó ń kú lọ ní ọjà Kútọ̀.

Ọdún 2 ni káàdì AHA máa ń lò, títí dé òpin oṣù tí wọ́n fi gbà á. Èyí tí wọ́n fún yín ní May 2025, òpin May 2027 ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni káàdì náà máa ń wà báyìí: orúkọ yín, orúkọ ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ti olùkọ́, ọjọ́ tí wọ́n fi fún yín, ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ tún un ṣe, àti nọ́ńbà kan tó jẹ́ ti káàdì yẹn nìkan. Ẹ lọ sí heart.org/cpr/mycards, ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Bí kò bá jáde, ìwé lásán lẹ gbà, bó ti wù kí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ dán tó. Agbanisíṣẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fọkàn tán an. Ti Red Cross, ẹ̀ka tó kọ́ yín lẹ máa béèrè ìgbà tó máa lò àti bí ẹlòmíì ṣe lè jẹ́rìí sí i, kẹ́ ẹ sì béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ní ti owó, ẹ má ṣe rò pé AHA ló gé iye náà. Yàtọ̀ sí owó ìwé àti ohun èlò, ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kíláàsì kan náà fi lè wọ́n ní ibì kan kó sì dínwó níbòmíì. Èyí tó dínwó lè dáa, èyí tó wọ́n náà lè jẹ́ òfo.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín ṣe tààrà: "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ọmọlangidi mélòó lẹ máa kó wá? Ṣé ti ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀? Ṣé owó káàdì wà nínú iye yìí, àbí ẹ máa tún gba òmíràn lẹ́yìn ọ̀la? Ibùdó wo ló máa fún wa ní káàdì?" Nínú kíláàsì BLS, AHA kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pín ọmọlangidi kan ju 3 lọ, láti 2019 ló sì ti ní kí ti àgbàlagbà ní ohun tó máa fi han akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ó ń tẹ̀ ẹ́ jìn tó, bóyá ó sì yára tó. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á dáhùn láì bínú. Èyí tó bá ní, "Ẹ ṣáà máa bọ̀, gbogbo ẹ̀ wà ńbẹ̀," ẹ pe ẹlòmíì.

AED ńkọ́? Kò wọ́pọ̀ láti rí i lára ògiri níbí, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í gba àkókò, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹni tó sì ń lọ sókè òkun máa pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú.

Ọdún méjì orí káàdì kò bá ọwọ́ yín dọ́gba. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni ọwọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, ti òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá. Ẹni tó ní BLS, kó forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe nígbà tó bá ku bí oṣù méjì kí káàdì parí, torí kíláàsì lè má bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ẹni tí kò ní káàdì, kó mú ìrọ̀rí tó le, kó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó kúnlẹ̀ tì í, kí ẹnì kan nínú ilé máa wo aago. Ìṣẹ́jú méjì ni, ení dé ẹ̀wá, ení dé ẹ̀wá, lẹ́yìn náà kí ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí ìṣẹ́jú méjì náà ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó pààrọ̀ ọwọ́ nídìí aláìsàn gidi.